Àpótí Tó Gbóná Bí Ara Ènìyàn ní Peckham

Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Ẹnikẹ́ni kò rò ó fún mi, n kò sì gbọ́ ọ lórí rédíò. Bí ẹ bá rí ohun kan tí n kò sọ, ẹ mọ̀ pé n kò rí i ni. Èmi kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń ti ìlú òyìnbó dé, tí wọ́n á máa ròyìn ilé tí wọn kò wọ̀. Èmi Làmídì ni, rewáyà tí gbogbo Ṣakí mọ̀. Ọkọ̀ tí àwọn yòókù bá ti fi sílẹ̀ fún ìpẹtà ni wọ́n ń wọ́ wá sọ́dọ̀ mi. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí bàbá mi tó fà mí lé ọ̀gá lọ́wọ́. Ìwé mẹ́rin ọ̀hún náà ni mo fi ń kọ èyí, ó sì tó.

Kí n tó dé orí ọ̀nà, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó gbé mi kúrò nílé. Mo bí ọmọbìnrin kan, Sìdíkátù. Dókítà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tó ń gún ènìyàn lábẹ́rẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ló ń wádìí, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo bí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Wàsíù. Àìsàn ẹ̀jẹ̀ fòníkú-fọ̀ladìde mú Wàsíù lọ nígbà tí Sìdí wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Sìdí ló máa ń fi òrí ra á lẹ́sẹ̀ nígbà tí egungun bá ń ro ó. Láti ìgbà náà ló ti ń bá ẹ̀jẹ̀ yẹn fa wàhálà.

Lọ́jọ́ kan ó pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Bàbá, ó ti kàn mí." Ẹ̀rọ kan ló ń sọ, ẹ̀rọ tó ń fi iná ya àwòrán ohun tí ojú kò lè rí. Àwọn onímọ̀ gbogbo ayé ló ń tò sí ìdí rẹ̀. Sìdí ti tò, wọ́n dá a padà, ó tún tò. Ó fẹ́ fi ẹ̀rọ náà wo bí oògùn tuntun kan ṣe ń di ẹ̀jẹ̀ aláìsàn yẹn mú, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọn ó ti tún oògùn náà ṣe. Ó ní kí n wá, kí n wà nílé òun lọ́jọ́ tí òun máa gbéra, kí n gbé ọwọ́ lé òun lórí, kí n ṣàdúrà. Mo sọ fún gbogbo gáréèjì pé mo ń lọ wo ẹ̀rọ tó ju gbogbo ẹ̀rọ lọ. Wọ́n sìn mí dé ìdí mọ́tò.

Ìlú tí wọn kì í dúró gbọ́ èsì

N kò ní sọ ti bàálù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kó wọ̀ ọ́. Peckham ni kí a sọ.

Òtútù ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi, èmi náà sì mọ ọyẹ́, Ṣakí kì í ṣe ìlú tí ọyẹ́ kì í jà. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ a máa wá, a sì máa lọ. Òtútù ibẹ̀ ń jókòó tì ọ́ ni, bí àlejò tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Sìdí gbé kóòtù kan wọ̀ mí tí n kò lè ká apá mọ́ra. Mo ń rìn ní Rye Lane bí ẹni tí wọ́n dì sínú mátírẹ́ẹ̀sì.

Òpópó yẹn gan-an, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ pé ìlú òyìnbó ni. Iṣu wà níbẹ̀, ìgbín wà níbẹ̀, ògúnfe, ata rodo, panla. Mo gbọ́ Ìbàdàn, mo gbọ́ Ìjẹ̀bú, mo gbọ́ obìnrin kan tó ń fi èdè Ọ̀yọ́ bú ọmọ rẹ̀ láàárín èdè òyìnbó. Inú bí mi. Ṣé torí èyí ni mo ṣe fò kọjá aṣálẹ̀ àti òkun? Iyán wọn, ìyẹ̀fun ni wọ́n fi ń rò ó. Mo ní kí Sìdí wá odó. Ó ní bí òun bá gún iyán nínú fúláàtì, àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ á pe kánsù. Ìlú tí ènìyàn kò lè gún iyán kí ìjọba má gbọ́, ẹ sọ fún mi, irú ìlú wo nìyẹn?

Ìkíni wọn ló wá sú mi jù. Ọkùnrin kan ń gbé ní ilé tó kọjú sí ti Sìdí. Ó pàdé mi lórí àtẹ̀gùn, ó béèrè bóyá ara mi le. Ìwọ̀nba òyìnbó tí mo gbọ́ ni mo fi ń dá a lóhùn: mo ní a dúpẹ́, orúnkún ọ̀tún ló ń dùn mí díẹ̀, ilé ńkọ́, ìyàwó ńkọ́. Kí n tó dé orí ìyàwó, ilẹ̀kùn rẹ̀ ti pa dé. Ó tún béèrè lọ́jọ́ mìíràn, mo tún dáhùn, ó tún lọ. Nígbà tó yá mo dákẹ́, mo kàn ń wò ó. Ó mi orí sí mi tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó jọ pé dídákẹ́ yẹn ló tẹ́ ẹ lọ́rùn jù. Nínú bọ́ọ̀sì ńkọ́? Èmi ni mo tẹ obìnrin kan lẹ́sẹ̀, òun ló ń bẹ̀ mí.

Ẹ̀rọ tí físà mi kò dé

Mo fara da gbogbo èyí nítorí ẹ̀rọ. Nígbà tí mo sinmi tán, mo pe Sìdí.

"Ẹ̀rọ dà?"

"Bàbá, kò sí ní Peckham."

"Mo mọ̀. Apá ibo ní Lọ́ńdọ̀nù ló wà?"

"Kò sí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìlú Jámánì ló wà."

Mo wò ó. "O sì ní kí n wá."

"Mo ní kí ẹ wá sílé mi, Daddy. Físà yín ò dé Jámánì. Mo sọ fún yín lórí fóònù."

Ó lè jẹ́ pé ó sọ ọ́. Jẹnẹrétọ̀ àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi a máa ké. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn tó sìn mí dé ìdí mọ́tò? Mo bínú débi pé n kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Sìdí mọ irú bàbá tó ní. Kò bẹ̀ mí. Ó lọ yọ mágínẹ́ẹ̀tì kékeré tó lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì, ó gbé e síwájú mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́.

"Bàbá, kí ló wà nínú alitanéétọ̀ ọkọ̀?"

"Ṣé èmi lo ń bi? Mágínẹ́ẹ̀tì àti wáyà ni. Ọ̀kan ń yí, iná ń jáde lára èkejì."

"Ó dáa. Mágínẹ́ẹ̀tì náà ni ẹ̀rọ yìí. Wọ́n gbẹ́ ihò kan sábẹ́ ilẹ̀, tó gùn ju láti ìsọ̀ yín dé ẹ̀yìn ìlú lọ. Wọ́n á wá lé àwọn horo iná mànàmáná kéékèèké gba inú rẹ̀. Eré tí wọ́n ń sá yẹn, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń sá a jù wọ́n lọ. Bí wọ́n ṣe ń sáré bọ̀, wọ́n á bá mágínẹ́ẹ̀tì lọ́tùn-ún lósì. Ọ̀kan á fà wọ́n síbí, èkejì á fà wọ́n sọ́hùn-ún."

"Wọ́n á wá máa rìn bí ejò."

"Bí ejò gan-an. Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ṣẹ́rí ni wọ́n ti ń tu ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀sírè ni, bíi ti ọsibítù tí wọ́n fi ń wo egungun, àmọ́ agbára rẹ̀ kò ṣeé fi wé ti ọsibítù. Ó sì ń ṣẹ́jú ni. Ó tàn, ó kú, ó tàn, ó kú. Kí ẹ̀yin tó ṣẹ́jú ẹ̀ẹ̀kan, ó ti ya àwòrán àìmọye."

"Kí ló dé tó fi ń kú?"

"Torí ohun tó bá bà, ó ń fọ́ ọ ni. Kò sí ohun tó lè dúró níwájú iná yẹn."

Èyí wá tún bí mi nínú. "Ẹ̀rọ tó ń fọ́ ohun tó ń yà. Ta ló ṣe irú ẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àwòrán ti jáde kí ohun náà tó mọ̀ pé òun ti fọ́, Bàbá. Ìdí nìyẹn tí ẹyọ ẹ̀jẹ̀ dídì kan ò fi tó wa. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún la máa dà sínú omi tín-ín-rín kan tó ń ṣàn gba iwájú iná kọjá. Tí a bá wá kó gbogbo àwòrán jọ, a máa rí bí oògùn ṣe na ọwọ́, bó ṣe di ẹ̀jẹ̀ mú, àti ibi tó ti ń já."

Ó yé mi. N kò sọ fún un pé ó yé mi, torí inú mi ò tíì rọ̀. Ṣùgbọ́n mo jẹ ẹran tó wà nínú abọ́.

Ẹ̀jẹ̀ Kẹ́mi

Ní ọjọ́bọ̀, Sìdí gbé àpótí kan wálé, kò fẹ́ dúró di ọjọ́ Jímọ̀ kó tó gbé e. Ibi iṣẹ́ wọn máa ń wà ní títì ní òpin ọ̀sẹ̀, ọkọ̀ tó máa gbé òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì máa wá gbé e ní Peckham láàárọ̀ Sátidé. Àpótí ọ̀hún kò ju kúlà àwọn oníyọ́gọ́ọ̀tì lọ. Ó gbé e sórí tábìlì nínú yàrá rẹ̀, ó ki wáyà rẹ̀ bọ ògiri, iná kékeré aláwọ̀ ewé kan tàn.

Kẹ́mi wá kí wa ní ìrọ̀lẹ́ náà. Ọ̀rẹ́ Sìdí ni. Deptford ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ ń rìn bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde. Irú ẹ̀jẹ̀ tí Wàsíù ní ni òun náà ní. Mo ti mọ̀ kí wọ́n tó sọ fún mi, torí mo mọ ojú yẹn, funfun rẹ̀ tó pọ́n bí ìyeyè. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ti dàgbà ni, ó wọ bàtà gíga, ó ń rẹ́rìn-ín. Wàsíù kò dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn láti rí i, ó sì tún ń dùn mí.

"Daddy, ẹ káàbọ̀ o. Ṣé Peckham ń ṣe yín dáadáa?"

"Kò ṣe mí dáadáa rárá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ ti di ará ibí nìyẹn. Complain ni gbogbo wa ń ṣe." Ó na ìka sí àpótí. "Èmi ló wà nínú yẹn, Daddy. Ẹ̀jẹ̀ mi ni. Ẹ bá mi kí i."

Sìdí gbé awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá síta, ó fi ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan sábẹ́ rẹ̀, ó ní kí n wò. Èyí náà, ojú mi ni mo fi rí i. Abẹ́rẹ́ ni, abẹ́rẹ́ pupa. Wọ́n pọ̀ bíi koríko bẹẹrẹ inú oko, ẹnu wọn mú, ìmọ́lẹ̀ ń ta lára wọn. Mo rò ó nínú ara mi pé ohun tó wà nínú ẹsẹ̀ ọmọ mi nìyẹn, tó ń gún un, tí èmi ń sọ fún un pé kó mọ́kàn le, ọkùnrin ni. Mo wò ó títí ọrùn fi ń dùn mí.

"Mo po ẹ̀jẹ̀ náà mọ́ oògùn títí ó fi dì, ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi tọ́ wọn kí wọ́n tó dúró báyìí," Sìdí wí. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má fọwọ́ kan àpótí yìí. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí a ó fi gbé e lọ."

Mo ní mo ti gbọ́. Ẹ rántí ohun tó sọ. Àpótí ló ní kí n má fọwọ́ kàn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀

Sìdí ti jáde láàárọ̀ lọ parí iṣẹ́ tó kù. Èmi ni mo kẹ́yìn nílé, mo ń múra mọ́sálásí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí mọ bí a ṣe ń jáde nílé. Ilẹ̀kùn nìkan kọ́ là ń tì. A ó pa tẹlifíṣọ̀n níbi ògiri, a ó pa fáànù, a ó pa ohun gbogbo tó ń mu iná, torí iná tí wọ́n bá mú lọ, a kò mọ irú agbára tí yóò gbé padà dé. Mo ti rí ìsọ̀ aránṣọ tó jó kanlẹ̀ nítorí áyọ́ọ̀nù tí wọ́n gbàgbé. Mo ti tú ẹ̀rọ tí inú rẹ̀ ti di èédú, tí olówó rẹ̀ dúró tì mí tó ń sunkún. Ọmọ iṣẹ́ mi tó bá ti ìsọ̀ láìpa iná ògiri, kò ní gbàgbé mọ́ láyé rẹ̀.

Mo wọ jálábíà, mo gbé kóòtù lé e. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìdáná: kẹ́tùlù, tósítà, ẹ̀rọ tó ń mú oúnjẹ gbóná. Fíríìjì nìkan ni mo dá sí nítorí ẹran tó wà níbẹ̀. Ní pálọ̀, mo pa tẹlifíṣọ̀n, mo pa ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Mo wá dé yàrá Sìdí. Mo na ọwọ́ sún mọ́ àpótí, n kò kàn án, ooru rẹ̀ ni ó kàn mí lọ́wọ́. Ó gbóná bí iwájú orí ọmọ tí ibà ń ṣe. Ohun tó ń gbóná lórí iná, tí ẹnikẹ́ni kò ní sí níbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ bi rewáyà èyíkéyìí láti Ṣakí dé Ìsẹ́yìn ohun tí yóò ṣe. Bí ilé bá jó, kí ni ọmọ mi fẹ́ gbé lọ sí Jámánì? Mo pa á níbi ògiri. Mo ti ilẹ̀kùn, mo lọ.

Mọ́sálásí kún. Lẹ́yìn ìrun, àgbà ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Múkáílà gbá mi mú. Ọ̀dọ́langba ni wọ́n nígbà tí wọ́n dé ìlú náà, wọ́n ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì níbẹ̀ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní kò sí bí ará Ṣakí ṣe máa dé ibẹ̀ tí kò ní jẹun nílé àwọn ní Forest Hill. Inú mi dùn dénú fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹni tó kí mi tó sì dúró gbọ́ èsì nìyẹn. Mo sọ ti orúnkún mi tán, wọ́n sọ ti wọn. Ìyàwó wọn gbé ìrẹsì àti ẹran àgbò wá. Mo ròyìn Sìdí àti ẹ̀rọ rẹ̀, Bàbá ń mi orí.

"Ṣé ìwọ lo kẹ́yìn nílé?" wọ́n bi mí.

"Èmi ni, Bàbá."

"O pa iná ògiri?"

"Mo pa á kanlẹ̀."

Wọ́n fi ọwọ́ gbá itan. "O káre. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, n kò jáde rí kí n má pa á. Àwọn ọmọ mi ń fi mí ṣẹ̀sín. Wọ́n ní, 'Daddy, iná ibí kì í lọ.' Mo ní iná tí kì í lọ gan-an ni kí ẹ bẹ̀rù."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mo tún mú ẹran kan sí i. Ìrọ̀lẹ́ dé láìpẹ́. Oòrùn ìlú yẹn a máa wọ̀ kí ènìyàn tó mọ̀ pé ó yọ.

Omi pupa

Sìdí ti dé kí n tó dé. Kóòtù rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ilé tutù bí inú kànga. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀.

"Bàbá, ta ló pa iná?"

"Èmi ni. Gbogbo rẹ̀ ni mo pa, àfi fíríìjì."

"Ìgbà wo?"

"Kí n tó lọ Jímọ̀."

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. "Mo ní kí ẹ má fọwọ́ kan àpótí."

"N kò fọwọ́ kàn án. Ògiri ni mo fọwọ́ kàn. Àpótí yẹn ń gbóná, Sìdí."

"Ó yẹ kó gbóná, Bàbá. Ṣé ẹ mọ bí ooru ṣe ń yọ́ òrí? Òdìkejì òrí ni ìwọ̀nyí. Òtútù ló ń yọ́ wọn. Ibi tó bá gbóná bí ara ènìyàn nìkan ni wọ́n ti ń dúró."

Ó gbé awò síta, ó wò. Ó pẹ́ nídìí rẹ̀. Nígbà tó gbé orí sókè, ó sún awò fún mi. Mo wò. Omi pupa ni. Kò sí abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo níbẹ̀.

"Tan iná padà," mo wí. "Wọ́n á tún dì."

"Wọn ò ní dì bíi ti tẹ́lẹ̀ kó tó di àárọ̀. Oṣù ni wọ́n fi dì bẹ́ẹ̀."

"Ní kí wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú. Sọ fún wọn pé bàbá rẹ ni."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí i rín. "Ìlà ni, Daddy. Bí a kò bá lọ, àwọn tó tẹ̀lé wa ló ń wọlé. Àwọn náà ti ń dúró tipẹ́."

Ni ìbínú bá gbé mi. Mo ní ẹ̀rọ tó tóbi tó yẹn, kò ní sùúrù fún ẹni tí nǹkan ṣe. Mo ní àpótí tó ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọn kò so bátìrì mọ́ ọn? Èmi ìbá ti so ó. Mo ní ìlú wo ni wọ́n ti ń fi ohun tí wọ́n fi ń pa iná sára gbogbo ògiri, tí wọ́n á ní kí ènìyàn má pa á? Mo ń sọ ọ́ sókè, n kò tíì sọ ọ́ tán, nígbà tí Sìdí tan ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, ó se tíì, ó gbé tèmi síwájú mi, ó ti fi ṣúgà sí i bí mo ṣe fẹ́ ẹ. Mo jókòó, mo mu tíì náà.

Ó pe Kẹ́mi, ó gbé fóònù sí àárín wa kí èmi náà lè gbọ́. Kẹ́mi gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn náà ló ní, "Daddy wà níbẹ̀? Daddy, ẹ má worry. Ẹ̀jẹ̀ ò wọ́n mi. Màá tún fún wọn." Ó tún ní, "Àmọ́ ẹ bá mi sọ fún Sìdí kó yára, ṣé ẹ gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́.

Ọkọ̀ dé láàárọ̀ Sátidé. Sìdí sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn. Mo rí wọn láti ojú fèrèsé, wọ́n yí i ká, ẹnì kan fọwọ́ lé e léjìká. Ọkọ̀ náà kó wọn padà lọ sílé, Sìdí gun àtẹ̀gùn padà wá. Ọkùnrin òdìkejì ṣí ilẹ̀kùn, mo gbọ́ ọ tó béèrè bóyá ara rẹ̀ le. Ọmọ mi ní ara òun le, a dúpẹ́.

Ohun tó sọnù

Mo ti padà sí Ṣakí. Àwọn ará gáréèjì ní kí n ròyìn ẹ̀rọ. Mo ròyìn ihò abẹ́ ilẹ̀, mo ròyìn mágínẹ́ẹ̀tì, wọ́n la ẹnu sílẹ̀, mo sì sọ fún wọn pé n kò fojú rí i, ọmọ mi ló là á yé mi. Kò sí rewáyà mìíràn ní Ṣakí tí ọmọ rẹ̀ lè là á yé e. Mo ṣì ń pa iná ògiri kí n tó jáde, torí iná tiwa kò tíì yíwà padà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi a máa dúró díẹ̀ lára ògiri báyìí, mo máa ń fi ọwọ́ kejì wá ooru kí n tó tẹ̀ ẹ́.

Sìdí ti tún tò sórí ìlà. Wọn kò tíì dá a lóhùn.

Àpótí kò bàjẹ́. Ohun tó sọnù nìyí. Abẹ́rẹ́ pupa tí wọ́n tọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ Kẹ́mi, gbogbo rẹ̀. Àwọn oṣù tí Sìdí fi tọ́ wọn. Ààyè rẹ̀ níwájú iná, tí ẹlòmíràn lò. Àdúrà kan tí mo gbé láti Ṣakí dé Peckham, tí n kò rí orí gbé e lé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wàsíù ti lọ tipẹ́. N kò kà á mọ́ ọn.